Àwọn Tó Kó Jáde Nínú Àpáta

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe àlọ́, kò sì sẹ́ni tó lá a lójú oorun. Ó ṣojú ọmọ ìyá méjì ní ọ̀sán gangan. Àwọn méjèèjì ṣì wà láyé, kò sì sí ọ̀mùtí nínú wọn.

Èyí ẹ̀gbọ́n ló ń fi ẹ̀rọ lu ihò sára àpáta níbi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta. Ọwọ́-Ẹ̀rọ̀ ni wọ́n ń pè é, nítorí pé ẹ̀rọ tó ń mi ẹlòmíì jìgìjìgì, ńṣe ló máa ń tutù lọ́wọ́ tirẹ̀ bí ọmọ tó sùn. Àbúrò rẹ̀ ni ọ̀gá ibẹ̀. Tí wọ́n bá wà nílé, ẹ̀gbọ́n ló ń pàṣẹ. Tí wọ́n bá dé ibi iṣẹ́, àbúrò ló ń pàṣẹ. Wọ́n ti mọ ọ̀nà náà rìn, ẹnì kan kì í tẹ ẹnì kejì lẹ́sẹ̀.

Lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀, ihò mẹ́rìnlá ni Ọwọ́-Ẹ̀rọ̀ lù sára àpáta tó kù níbẹ̀, èyí tó ga bí ilé alájà mẹ́ta. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n fẹ́ fi ẹ̀tù fọ́ ọ. Nígbà tó di ọ̀sán, wọ́n pa ẹ̀rọ, àwọn òṣìṣẹ́ sì lọ jẹun lábẹ́ páànù. Òun nìkan ló dúró, torí ihò tó lù gbẹ̀yìn kò tíì mọ́. Ó ki páìpù gígùn kan bọ̀ ọ́, ó fi ẹnu sí i, ó fẹ́ eruku inú rẹ̀ jáde.

Ó mú ẹnu kúrò. Nǹkan kan fẹ́ atẹ́gùn padà sí i lójú.

Atẹ́gùn náà lọ́ wọ́ọ́rọ́. Òórùn rẹ̀ kì í ṣe ti òkúta. Ó dà bí òórùn orí ọmọ tuntun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀.

Ibi gbogbo pa lọ́lọ́. Àwọn eṣinṣin pàápàá dákẹ́. Ó rọra gbé etí lé ẹnu páìpù náà.

"Ẹ jọ̀ọ́," ohùn kan sọ láti inú lọ́hùn-ún. "Ẹ fún wa láyè díẹ̀. Ìyá wa ò tíì lè dìde."

Ohùn náà kò le. Ohùn ẹni tó ti rẹ̀ ni. Èyí gan-an ló jẹ́ kí irun orí Ọwọ́-Ẹ̀rọ̀ dìde.

"Ta nìyẹn?"

"Àwa onílé."

"Ilé wo?"

"Èyí tí ẹ̀ ń fọ́. Bẹ́ ẹ ṣe ń fọ́ ọ là ń sún sẹ́yìn. Ibi tó kù fún wa nìyí."

Ọwọ́-Ẹ̀rọ̀ tún tẹ etí mọ́ páìpù. "Títí dìgbà wo?"

"Ọ̀la, tí oòrùn bá dé àtàrí."

"Tí a ò bá lè dúró ńkọ́?"

Ọwọ́ rẹ̀ wà lára àpáta, ó sì mọ̀ ọ́n lára. Àpáta náà mí sínú, díẹ̀díẹ̀, bí àyà èèyàn. Kò mí síta.

Ó sáré lọ bá àbúrò rẹ̀ ní ọ́fíìsì.

"Oòrùn ti pa yín, ẹ̀gbọ́n mi," àbúrò sọ. "Ẹ mu omi."

"Wá gbọ́ fúnra rẹ."

"Típà mẹ́sàn-án ló ń dúró de òkúta yìí!"

"Mo ní kó o wá."

Láti kékeré, ẹ̀gbọ́n kò fi irú ohùn bẹ́ẹ̀ pè é rí. Ó tẹ̀ lé e. Ó kúnlẹ̀, ó gbé etí lé páìpù. Ó pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó dìde, ojú rẹ̀ ti funfun bí ẹni tí wọ́n da eérú sí lójú. Ó gbọn eruku orúnkún rẹ̀ nù.

"Mi ò gbọ́ nǹkan kan."

"O gbọ́ ọ."

"Mo ní mi ò gbọ́ nǹkan kan!" Ó kọjú sí àwọn òṣìṣẹ́, ó kígbe pé kí wọ́n gbé ẹ̀tù wá.

Ọwọ́-Ẹ̀rọ̀ ò jà, kò pariwo. Ó jókòó sílẹ̀, ó fi ẹ̀yìn dí ẹnu ihò. Nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ gbé ẹ̀tù dé, wọ́n bá a níbẹ̀, wọ́n dúró, wọ́n ń wojú ara wọn.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má sọ mí di ẹlẹ́yà lójú àwọn èèyàn."

"Mi ò sọ ọ́ di nǹkan kan. Mo kàn jókòó ni."

"Iṣẹ́ á bọ́ lọ́wọ́ àwa méjèèjì."

"Á bọ́."

Àbúrò wo ẹ̀gbọ́n. Ó wo àpáta. Lẹ́yìn náà ló gbójú sókè. Ojú ọ̀run mọ́ bí àwo tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀.

"Òjò ń bọ̀," ó sọ. "A kì í fi ẹ̀tù ṣeré nínú òjò. Ẹ máa lọ sílé, ó dọ̀la."

"Ọ̀gá, òjò dà?" ọ̀kan béèrè.

"Ṣé ìwọ lo fẹ́ kọ́ mi bí òjò ṣe ń ṣú ni?"

Ẹnì kan kì í bá ìsinmi ọ̀fẹ́ jà. Kí ọ̀gá tó yí ọkàn padà, wọ́n ti pòórá. Ìgbà náà ni Ọwọ́-Ẹ̀rọ̀ mọ̀ ọ́n lára, níbi tó fẹ̀yìn tì í. Àpáta náà mí síta.

Lọ́jọ́ kejì, àbúrò ní kí àwọn òṣìṣẹ́ má wọlé títí ọ̀sán yóò fi rọ̀. Àwọn méjèèjì nìkan ló dúró síwájú àpáta náà. Oòrùn gun àtàrí. Òjìji wọn bọ́ sábẹ́ ẹsẹ̀ wọn.

Àpáta náà ò ṣí. Kò sán. Ṣùgbọ́n nínú eruku tó wà nídìí rẹ̀, ojú ẹsẹ̀ kan hàn. Òmíràn tẹ̀ lé e. Wọ́n di mẹ́wàá, wọ́n di ọgọ́rùn-ún, wọ́n ń jáde láti ibi tí ilẹ̀kùn kò sí. Ńlá wà níbẹ̀, kékeré wà níbẹ̀, èyí tó kéré ju àtàǹpàkò lọ náà wà níbẹ̀. Kò sí ọ̀kan tó ní gìgísẹ̀. Kò sí ìró kankan, àfi ìmí, ìmí ọ̀pọ̀ èèyàn tó ń gbẹ́rù.

Ẹsẹ̀ mẹ́rin kan wọlẹ̀ jinlẹ̀ ju ti ìyókù lọ, bí ẹsẹ̀ àwọn tó jọ gbé ẹni tí kò lè dá rìn. Nígbà tí wọ́n dé iwájú àwọn ọmọ ìyá méjèèjì, wọ́n dúró.

Àbúrò kúnlẹ̀. Ẹ̀gbọ́n kò rí nǹkan kan. Ó kàn rí i tí irun orí àbúrò rẹ̀ tẹ̀ mọ́lẹ̀, bí ìgbà tí ọwọ́ bá lé e. Ó sì rí i tí àbúrò rẹ̀ ń mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni, bí ọmọdé tí wọ́n ń rán níṣẹ́. Omijé ń bọ́ lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rù kò sí níbẹ̀ mọ́.

Àwọn ojú ẹsẹ̀ náà tún gbéra, wọ́n lọ.

Ní aago mẹ́rin, wọ́n yin ẹ̀tù. Nígbà tí eruku rọlẹ̀, gbogbo òṣìṣẹ́ rí yàrá kan nínú àpáta náà, ó fẹ̀, ògiri rẹ̀ ń dán. Ojú ìgbálẹ̀ ṣì wà nílẹ̀ rẹ̀ káàkiri. Àwọn tó lọ gbálẹ̀ kí wọ́n tó jáde. Ẹnì kan kò gbẹ́sẹ̀ wọ ibẹ̀. Ọ̀gá bọ́ bàtà, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní kí àwọn típà máa padà lófìfo.

"Kí ni ìyá náà sọ fún ọ?" Ọwọ́-Ẹ̀rọ̀ bi í nígbà tó ku àwọn méjèèjì.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀."

Wọ́n jọ tọ ipa ẹsẹ̀ náà lọ. Ó gba ojú ọ̀nà tí àwọn típà fi ń gbé òkúta jáde. Ó dé etí títì, níbi tí eruku parí sí, ó sì pòórá. Ìka gbogbo wọn ló kọjú sí ìlú, níbi tí àwọn ilé tí wọ́n fi òkúta àpáta náà kọ́ tò sí, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, pẹ̀lú fèrèsé tó ṣí sílẹ̀.

Àbúrò wo àwọn ilé náà títí.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ó sọ, "ṣé ẹ rò pé wọ́n á gba wọ́n láyè níbẹ̀?"

Ọwọ́-Ẹ̀rọ̀ ò mọ èyí tó ń béèrè, bóyá àwọn ará ìlú ló máa gba àwọn onílé àpáta ni, tàbí àwọn onílé àpáta ló máa gba àwọn ará ìlú.