Omi Tí Eruku Bò

“Sìlífátù ni yóò sọ̀rọ̀ nípa Máàsì níwájú àwọn àlejò wa,” ni Míísìsì Owólabí, olùkọ́ sáyẹ́ǹsì, wí.

Gbogbo kíláàsì pàtẹ́wọ́. Adébùnmí tó jókòó láàárín èmi àti Sìlífátù nìkan ni kò pa tirẹ̀. Ojú rẹ̀ le koko.

“Sìlífátù kẹ̀?” ó sọ ọ́ sí mi létí. “Ọmọ Bàbá Àmúsà oníbúrẹ́dì ní Kúje?”

“Kí ló wá ṣe é?” mo dá a lóhùn. “Ṣebí búrẹ́dì wọn náà lò ń jẹ láràárọ̀.”

Ó wò mí bí ẹni tó fẹ́ gbá mi létí.

Oṣù kìíní ọdún 1979 ni. Ọyẹ́ mú ní Festac lọ́dún náà, eruku bo gíláàsì fèrèsé gbogbo ilé. Iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ni bàbá Bùnmí ń ṣe, ilé tuntun sì ni wọ́n ń gbé. Láti Fọ́ọ̀mù Wáànù ni Bùnmí ti ń gba ipò kìíní nínú sáyẹ́ǹsì, àfi ìgbà tí Sìlífátù gbà á mọ́ ọn lọ́wọ́. Èyí tó tún wá dùn ún jù ni pé màmá rẹ̀ gan-an ń yin ọmọ náà: “Ọmọ yẹn mà mọ̀wé o! Bùnmí, o ò ṣe ní kó kọ́ ẹ?” Ìlara sì mú Bùnmí gan-an.

Ohun tí Míísìsì Owólabí kọ́ wa kò le. Àwọn ará Amẹ́ríkà ti rán ọkọ̀ òfuurufú lọ sí Máàsì, pílánẹ́ẹ̀tì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ayé wa, ẹ̀rọ kan nínú rẹ̀ sì ń wo ooru omi inú afẹ́fẹ́ ibẹ̀. Nígbà tí ìjì eruku ńlá jà níbẹ̀, ṣe ni ẹ̀rọ náà ní ooru omi ti dín kù. Ṣé omi ló lọ ni, àbí eruku ló bò ó?

Sìlífátù ní òun lè fi hàn wá pé eruku lè bo omi. Àpótí onígíláàsì tí bàbá rẹ̀ fi ń pàtẹ búrẹ́dì ló gbé wá. Yóò gbé omi gbígbóná sí ìsàlẹ̀, yóò fi dígí tútù bo òkè. Gbogbo èèyàn á rí ooru omi tó ń gòkè. Lẹ́yìn náà, yóò fi ike páúdà fẹ́ eruku ọyẹ́ sínú àpótí, wọn ò sì ní rí ooru náà mọ́. Ṣùgbọ́n tó bá ṣí dígí, ìrì omi á ti sẹ̀ sára rẹ̀. Àwọn àlejò láti ilé iṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ ló máa wò ó; bí ó bá yege, yóò lọ fi hàn níbi ìdíje ní Ìkẹjà.

Lọ́jọ́ náà, Bàbá Àmúsà ti ìsọ̀ rẹ̀, ó dé fìlà tuntun, ó wá jókòó níwájú. Sìlífátù lọ bu omi gbígbóná. Bùnmí nìkan ló kù pẹ̀lú dígí ní yàrá ẹ̀yìn, ló bá yọ ọṣẹ jáde nínú báàgì. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ fún mi lẹ́yìn náà. Bàbá rẹ̀ máa ń fi ọṣẹ pa dígí balùwẹ̀ kó tó fá irùngbọ̀n, kí ooru omi má baà bo dígí náà. Bùnmí pa dígí Sìlífátù bẹ́ẹ̀, ó fi etí aṣọ nù ún títí ó fi mọ́.

Nígbà tó yá, eruku kún àpótí, ooru omi pòórá lójú wa. Sìlífátù fi ìgboyà ṣí dígí. Yéè! Dígí mọ́ kedere.

“Ọmọ mi, omi dà?” ni ọ̀gá kan láàárín àwọn àlejò bi í.

Àwọn kan bú sẹ́rìn-ín. Bàbá Àmúsà ṣí fìlà, ó tẹjú mọ́lẹ̀. Omijé lé sójú Sìlífátù, ó fi àtẹ́lẹwọ́ nu dígí náà. Ni nǹkan bá ń hó lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Ó gbé ọwọ́ sí imú, ó sì yíjú wo Bùnmí. Ta ni kò mọ òórùn ọṣẹ tí bàbá Bùnmí rà bọ̀ láti Lọ́ńdọ̀nù?

Ṣùgbọ́n Sìlífátù ò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ó gbé ọwọ́ sókè, ó ní, “Ẹ wò ó, sà. Ọṣẹ ti wà lára dígí yìí. Bí dígí bá gbẹ, ṣé ọṣẹ lè hó? Omi wà ńbẹ̀!”

Ọ̀gá náà kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́, gbogbo ilé bá gbà á.

Lẹ́yìn kíláàsì ni Sìlífátù ti bá Bùnmí. Mo wà níbẹ̀.

“Bùnmí, ẹni méjì ló ń lọ sí Ìkẹjà. Mo ti bẹ Míísìsì tipẹ́ pé tí mo bá yege, ìwọ ni kí wọ́n jẹ́ kí n mú lọ. Wọ́n sì ti gbà. Mo kàn fẹ́ kó yà ẹ́ lẹ́nu ni.”

Bùnmí bú sẹ́kún. “Jọ̀ọ́, dárí jì mí.”

“Mo ti dárí jì ẹ́,” ni Sìlífátù wí. “Ṣùgbọ́n n ò lè gbé dígí mi fún ẹ mọ́.”

Èmi ni mo bá Sìlífátù lọ sí Ìkẹjà. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí ọ̀rẹ́ yín bá ṣe dáadáa, ẹ bá a yọ̀. Àyè Bùnmí ti wà níbẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, ìlara ló bò ó lójú tí kò fi rí i, títí ó fi fọwọ́ ara rẹ̀ bà á jẹ́.