Ẹni Tó Ń Ránṣọ ní Pálọ̀

Ẹni tó bá fẹ́ lè yọ ṣùtì ètè sí i, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀. Obìnrin tó ṣẹlẹ̀ sí ṣì wà láyé, bí ẹ bá sì bi í, ẹkún ni yóò kọ́kọ́ fi dáhùn.

Alágbàfọ̀ ni. Kíákíá ni àwọn oníbàárà ń pè é, nítorí aṣọ tí wọ́n bá gbé wá láàárọ̀, kí oòrùn tó wọ̀, ó ti fọ̀ ọ́, ó ti lọ̀ ọ́. Òun àti àbúrò rẹ̀ obìnrin, tó jẹ́ télọ̀, ni wọ́n jọ ń gbé. Àìsàn ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ń da àbúrò láàmú. Oògùn tó ń lò kò ràn án mọ́, ni dókítà bá fún un ní òmíràn.

"Ẹ má dá ti àtijọ́ dúró lójijì o," ni dókítà wí. "Díẹ̀díẹ̀ la ó máa dín in kù, bí mo ṣe ń wò yín. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́."

Kíákíá gbọ́, ṣùgbọ́n ta ló rí i bá sùúrù tan? Bí wọ́n ṣe ń délé ni ó da ìyókù oògùn àtijọ́ sínú ṣáláńgá.

"Ẹ̀gbọ́n mi, dókítà ní..."

"Tuntun ti dé. Kí lo tún fẹ́ fi ògbólógbòó ṣe?"

Àbúrò wọ yàrá lọ. Kì í bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jiyàn.

Kò pẹ́ tí òòyì fi bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ. Ó ní mànàmáná ń kọ nínú orí òun. Oorun lọ. Oúnjẹ lọ. Ó kọjú sí ògiri lórí ibùsùn, kò sọ̀rọ̀ mọ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Kíákíá ń lọ aṣọ lẹ́yìnkùlé nígbà tó gbọ́ máṣíìnì ìránṣọ ní pálọ̀. Kẹ̀kẹ̀kẹ̀. Ó dákẹ́. Kẹ̀kẹ̀kẹ̀. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó gbàgbé áyọ́ọ̀nù sórí aṣọ aláṣọ.

"Àbúrò mi ti dìde!"

Ó sáré wọlé. Kò sí ẹnì kankan ní pálọ̀. Àga ìdí máṣíìnì lọ́ wọ́ọ́rọ́. Búláòsì tí wọ́n pa tì láti ìgbà tí àìsàn ti le ti di rírán, ó gún régé, bí iṣẹ́ ọwọ́ àbúrò gẹ́lẹ́.

Ó yọjú sí yàrá. Àbúrò ṣì kọjú sí ògiri.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ohùn rẹ̀ kò ju ti ẹ̀fọn lọ, "ta lẹ gbà láyè nídìí máṣíìnì mi?"

Kíákíá kò dúró ti ilẹ̀kùn.

Ó gbé e lọ bá dókítà, ó jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀. Dókítà dá oògùn àtijọ́ padà, ó wá ń dín in kù bó ṣe yẹ. Òòyì lọ. Oorun padà wá. Àbúrò ń jẹun, ó tún ń fi ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ nígbà mìíràn. Ṣùgbọ́n kò sún mọ́ máṣíìnì. Ó ní òun kò rántí bí wọ́n ṣe ń fi òwú sí i.

Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn. Lọ́sàn-án, bí àbúrò bá ti sùn, máṣíìnì á tún bẹ̀rẹ̀. Lánàá, Kíákíá kúnlẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà pálọ̀, òun tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n. Ó ń gbọ́ tí àbúrò ń hanrun nínú yàrá.

"Jọ̀ọ́, dárí jì mí. Ìwàdùwàdù mi ló fà á."

Máṣíìnì dákẹ́. Ohùn àbúrò rẹ̀ dáhùn láti inú pálọ̀, jẹ́jẹ́.

"Mo ti gbọ́, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ bá mi tọ́jú èyí tó kù nínú mi sí yín lọ́wọ́."