Ẹni Tó Dúró fún Olújùwọ́n

"Ta ní kí obìnrin yìí máa sọ̀rọ̀ nípa mi? Kí ló mọ̀ nípa ọkọ̀ ojú omi?"

Olújùwọ́n ló ń pariwo láàárín kóòtù ní Monrovia, ó ga bí òpó, ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ruth Ògúndáre, onímọ̀ òfin tí adájọ́ pè, gbójú sókè wò ó. Ọkùnrin náà dùn ún wò, ìyẹn gan-an ló sì bí Ruth nínú.

"Mo mọ̀ pé ọkọ̀ máa ń léfòó," ó ní. "Ẹnu yín ló fẹ́ rì yín."

Kóòtù bú sẹ́rìn-ín. Olújùwọ́n náà ò lè pa á mọ́ra.

Nígbà tí ogun wọ Monrovia, ó fi ọkọ̀ ẹrù rẹ̀ kó àwọn tó ń sá fún ìbọn láti èbúté Bushrod Island lọ sí Èkó, kò béèrè páásípọ́ọ̀tù lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Àwọn aláṣẹ Nàìjíríà ní ọ̀daràn ni, kí wọ́n fà á lé àwọn lọ́wọ́.

Ruth kọ ìmọ̀ràn rẹ̀ fún adájọ́: a kì í fa èèyàn lé ìlú mìíràn lọ́wọ́ nítorí ohun tí kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ lọ́dọ̀ tiwa, òfin wo ní Làìbéríà ló sì ní kéèyàn má gba ẹ̀mí là? Kí wọ́n gba béèlì rẹ̀ títí ìdájọ́ yóò fi dé.

Ó ń lọ bi í ní ìbéèrè ní àtìmọ́lé. Ìbéèrè tán, ó ṣì ń lọ.

"Lọ́yà mi, kí lo tún gbàgbé síbí?"

"Ìwọ ni."

"Tí mo bá jáde, ṣé wàá fẹ́ mi?"

"Jáde ná, ọ̀gá ọlọ́kọ̀. Mi ò lè wọ aṣọ funfun wá síbí."

Béèlì ń fẹ́ onídùúró tó nílé nígboro. Bàbá Ruth, Pásítọ̀ Ògúndáre, nílé lẹ́bàá Randall Street, ṣùgbọ́n ó yarí.

"Mi ò ní fi ọmọ mi fún ẹlẹ́wọ̀n."

"Dádì, ká ní ẹ̀yin lẹ wà létíkun lọ́jọ́ náà, ṣé ẹ̀ bá fẹ́ kó béèrè páásípọ́ọ̀tù lọ́wọ́ yín kó tó gbé yín?"

Pásítọ̀ ní òun ti sọ tòun. Ruth kẹ́rù lọ sọ́dọ̀ Tòún ọ̀rẹ́ rẹ̀, kò sì dé ṣọ́ọ̀ṣì bàbá rẹ̀ mọ́.

Lọ́jọ́ béèlì, agbẹjọ́rò ìjọba na ọwọ́ sí Olújùwọ́n. "Ọlọ́kọ̀ rèé, òkun rèé. Ta ló láyà láti dúró fún un?"

"Èmi ni."

Ruth bojú wẹ̀yìn. Bàbá rẹ̀ ti dìde.

"Pásítọ̀, tó bá sá lọ ńkọ́?" agbẹjọ́rò náà bi í.

"Lánàá ni mo kéde fún ìjọ pé òun àti ọmọ mi fẹ́ ṣègbéyàwó. Gbogbo ìyá ìjọ ló ti ń ṣọ́ ọ báyìí. Ẹ̀wọ̀n yín wo ló ní irú ẹ̀ṣọ́ bẹ́ẹ̀?"