Ràmọ́nì Tó Wà ní Gbọ̀ngàn

Yunifásítì tuntun kan lọ́nà Ògbòòrò mú orúkọ ọkọ Àsíátù, wọ́n kọ ọ́ sára ilé, wọn ò bi í léèrè. Bó ṣe ṣẹlẹ̀ ni mo ṣe ń sọ ọ́ yìí. Ẹni tó bá ní irọ́ ni, kó wá sí Ṣakí, kó wá jókòó ti obìnrin náà lọ́sàn-án kan péré.

Ràmọ́nì Ládòkun, àgbẹ̀ oníṣu, ti sáré fún ìpínlẹ̀ nígbà èwe rẹ̀. Wọ́n ní ìdí nìyẹn táwọn fi sọ gbọ̀ngàn eré ìdárayá lórúkọ rẹ̀. Inú bàbá dùn. Àsíátù ò rẹ́rìn-ín. Ẹni tí wọ́n bá ń kọ orúkọ rẹ̀ sára ilé, bí kò bá kú, á lówó. Ràmọ́nì ò kú, kò sì lówó. Kí ni wọ́n wá ń wá lára rẹ̀?

Kò pẹ́ tí ọkọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dáhùn níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti pè é. Á máa bẹ iṣu lọ́wọ́, á ṣàdédé gbórí sókè.

"Hẹn?"

"Ta ló pè yín?"

"Wọ́n pè mí."

Á tún padà sídìí iṣu tó ń bẹ.

Lẹ́yìn ìyẹn ni òógùn dé. Ọkùnrin tó jókòó láti àárọ̀, ẹ̀wù rẹ̀ á rin gbingbin, á máa mí hẹlẹhẹlẹ.

Ojúọlápé, aládùúgbò wọn tó ń ta omi tútù lẹ́nu géètì yunifásítì, ló la ọ̀rọ̀ náà.

"Ìyá Waheedat, ọkọ yín mà lágbára o! Ojoojúmọ́ ló ń bá àwọn ọmọ sáré ní gbọ̀ngàn tí wọ́n ń pè ní Ràmọ́nì yẹn."

"Ọkọ ta ni?"

"Ẹ fọkàn balẹ̀, eré ẹsẹ̀ ni, kì í ṣe eré obìnrin."

Lọ́jọ́ kejì, Àsíátù fi àgádágodo ti ọkọ rẹ̀ mọ́lé, ó gun ọ̀kadà lọ síbẹ̀. Ọ̀sán gangan ni. Inú gbọ̀ngàn tutù, òórùn ọ̀dà gba gbogbo rẹ̀. Ọkùnrin kan dúró lọ́ọ̀ọ́kán, ó kẹ̀yìn sí i. Èjìká Ràmọ́nì ni. Àpá àdá tí ọkọ rẹ̀ ní wà lẹ́sẹ̀ ẹni náà.

Obìnrin ilé wọn kì í pe ọkọ lórúkọ. Àsíátù ò ṣe é rí.

"Bàbá Waheedat!"

Kò yíjú.

"Bàbá Waheedat, èmi ni!"

Akẹ́kọ̀ọ́ kan ń kọjá lọ, ó gbé fóònù sétí. "Ràmọ́nì ni mo wà o. Ẹ wá bá mi."

Ọkùnrin náà yí padà. "Hẹn?"

Ó wo Àsíátù bí ẹni tí kò rí i rí.

Obìnrin náà sáré délé. Àgádágodo wà bó ṣe tì í. Ọkọ rẹ̀ wà lórí àga, òórùn ọ̀dà ń jáde lára rẹ̀.

"Bàbá Waheedat."

Kò dáhùn. Àsíátù mì í léjìká. Ojú rẹ̀ là sílẹ̀.

Àsíátù mọ ohun tó kù láti pè é. Ó la ẹnu, ó tún pa á dé. Bó bá pe orúkọ yẹn, èwo nínú wọn ni yóò jẹ́ ẹ?

Ọ́fíìsì ọ̀gá yunifásítì ló kọrí sí. Akọ̀wé ní kó jókòó. Kò jókòó, ó wọlé tọ ọ̀gá àtàwọn tó wà lọ́dọ̀ rẹ̀ lọ.

"Ẹ ha orúkọ yẹn kúrò lára ilé yín! Ẹni tó wà lọ́dọ̀ yín, ta ni? Ẹni tí mo tì mọ́lé, ta ni? Èwo nínú wọn ló bí ọmọ mi? Ẹ má wojú ara yín. Ẹ̀yin ni mò ń bi. Ẹ dá mi lóhùn!"