Gílóòbù Tí Kò Lè Ṣẹ́jú

Gílóòbù náà bọ́ lọ́wọ́ Títílọlá, ó fọ́ yángá sórí sìmẹ́ńtì yàrá Fọláṣẹwà. 

"Títí, jọ̀ọ́, má bínú," ni Fọláṣẹwà wí.

Òun ló ti ń bẹ ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti àná pé kó gbé gílóòbù tó ń pa àwọ̀ dà yẹn wá, kí àwọn fi ṣe fídíò ijó. Gbogbo ẹgbẹ́ wọn ní kíláàsì ló ti ṣe tiwọn. Títílọlá kọ́kọ́ kọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ti pè é ní ojo tó. Wọ́n ti ya fídíò tán, ó sì dára. Ìgbà tó ń tú gílóòbù náà láti gbé e padà sílé ló gbóná mọ́ ọn lọ́wọ́.

"O ò mọ ohun tó jẹ́ nílé wa," ni Títílọlá wí.

Làtífátù, ìyá Títílọlá, aránṣọ ni ní Ìkirè. Àìsàn kan ló gba etí rẹ̀ ní ọdún mẹ́rin sẹ́yìn. Ó ń sọ̀rọ̀ dáadáa, ó sì ń wo ètè ẹni mọ ohun tí a ń sọ, ṣùgbọ́n bí ààrá sán lẹ́yìn rẹ̀, kò ní gbọ́. Abdulwaheed, ẹ̀gbọ́n Títílọlá, ló wá ọgbọ́n sí i. Ó ra gílóòbù tó ń gba àṣẹ láti orí fóònù, ó gbé e kọ́ síwájú máṣíìnì ìyá wọn, ó sì fi gbogbo ìsinmi rẹ̀ ṣètò àṣẹ mọ́kànlá fún un. Bí kò bá sí nǹkan kan, á máa tàn funfun. Bí àlejò bá tẹ aago ẹnu ọ̀nà, á ṣẹ́jú ní àwọ̀ búlúù. Bí gáàsì bá ń jò, á pọ́n. Bí àkókò ìrun bá tó, á di àwọ̀ ewé. Bí Ìyá Àgbà, tí ẹsẹ̀ ń dùn, bá sì tẹ bọ́tìnì ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, á máa ṣẹ́jú ní àwọ̀ yẹ́lò títí ẹnìkan yóò fi dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Abdulwaheed ti padà sẹ́nu iṣẹ́ lórí òkun níbi tí wọ́n ti ń wa epo. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lè kọjá kí wọ́n tó gbúròó rẹ̀.

Ìyá Títílọlá àti Ìyá Àgbà lọ kí ẹbí ní Orílẹ̀-Òwu lọ́jọ́ Àbámẹ́ta náà. Kí wọ́n tó dé, Títílọlá ti ra gílóòbù funfun lásán, ó ti gbé e sójú ti tẹ́lẹ̀. Ó tàn gbòò. Ẹni tí kò bá mọ̀, á ní òun náà ni.

Ní ọjọ́ kejì, ìyá rẹ̀ pè é. "Títí, iná ìrun ò yí àwọ̀ padà lónìí. Ìrun ọ̀sán fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́."

"Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni, mà. Ti ìrun nìkan ni kò ṣiṣẹ́."

"Ti Ìyá Àgbà ńkọ́? Ṣé o dán an wò?"

Bí Títílọlá bá fẹ́ sọ òtítọ́, ìgbà yẹn gan-an ni. Ṣùgbọ́n ó gbójú sókè kí ìyá rẹ̀ lè rí ètè rẹ̀. "Mo dán an wò, mà. Ó ń ṣẹ́jú."

Ní ọjọ́ Ajé, nígbà tó ti ilé ìwé dé, ìyá rẹ̀ wà nídìí máṣíìnì, ó ń rán aṣọ ọlọ́mọge kan. Títílọlá kí i, ó kọjá sí yàrá Ìyá Àgbà. Ìyá Àgbà wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ọrùn ọwọ́ òsì rẹ̀ ti wú. Bọ́tìnì náà ṣì wà lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀.

"Mo tẹ̀ ẹ́ títí, ọmọ mi," ni ìyá arúgbó náà wí. "Mo ní bóyá Làtífátù jáde ni. Mo wá ní kí n dìde fúnra mi."

Wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Egungun ọwọ́ ti ṣẹ́, wọ́n fi P.O.P. dì í. Nígbà tí wọ́n padà délé, Làtífátù jókòó níwájú máṣíìnì rẹ̀, kò fọwọ́ kan aṣọ.

"Mi ò kúrò níbí látàárọ̀," ó wí. "Iná yìí ṣẹ́jú, mi ò rí i. Etí ti lọ, ojú náà ti ń tẹ̀ lé e. Mà á dá aṣọ àwọn ènìyàn padà fún wọn. Aránṣọ tí kò ríran, kí ló fẹ́ rán?"

Títílọlá dúró sí ẹnu ọ̀nà. Ọ̀rọ̀ náà dé ètè rẹ̀, ó sì gbé e mì.

Ní ilé ìwé lọ́jọ́ kejì, Fọláṣẹwà gbà á nímọ̀ràn. "Gba fóònù màmá ẹ, kó o pa gbogbo ètò yẹn rẹ́. Tí gbogbo ẹ̀ bá ti pòórá, o lè ní ẹ̀rọ ló bàjẹ́ fúnra ẹ̀. Ta ló máa mọ̀?"

Nígbà tó délé, ó mú fóònù náà. Àṣẹ mọ́kànlá tò sójú rẹ̀ pẹ̀lú orúkọ tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fún wọn: "Ìyá Àgbà ń pè." "Àlejò dé." "Ìrun ti tó." Ìka rẹ̀ ti wà lórí ibi tí wọ́n ti ń pa á rẹ́ nígbà tó gbójú sókè. Ìyá rẹ̀ dúró lójú fèrèsé, ó di abẹ́rẹ́ mú, ó ń gbìyànjú láti ki òwú bọ̀ ọ́. Ó fi ọwọ́ bo ojú kan, ó tún bo èkejì. Ó ń dán ojú ara rẹ̀ wò.

Títílọlá gbé fóònù sílẹ̀. Ó lọ kúnlẹ̀ níwájú ìyá rẹ̀.

"Mà, kì í ṣe gílóòbù Bọ̀ọ̀dá Abdulwaheed ló wà níbẹ̀ yẹn. Mo gbé e lọ sílé Fọláṣẹwà, mo sì fọ́ ọ. Èyí kò lè ṣẹ́jú. Mi ò dán nǹkan kan wò."

"Tún un sọ. Díẹ̀díẹ̀."

Ó tún un sọ. Omijé ti bo ojú rẹ̀.

"Ojú mi ò ṣe nǹkan kan?"

"Ojú yín ò ṣe nǹkan kan, mà. Èmi ni."

Làtífátù mí kanlẹ̀. Kò nà án, kò bú u. Ó yíjú sí ògiri ni. Fún ẹni tó ń fi ojú gbọ́rọ̀, ìyẹn ti ju ìbúni lọ.

Ní ọjọ́ kejì, wọ́n ránṣẹ́ pe Ọ̀ṣunfúnmi, ọ̀dọ́bìnrin kan tó ń ṣe sólà àti kámẹ́rà ní Àpòmù. Ó mú gílóòbù tuntun wá. Títílọlá gbé fóònù fún un, ó sì jẹ́wọ́ pé díẹ̀ ló kù kí òun pa gbogbo rẹ̀ rẹ́.

"Ọlọ́run ló yọ yín," ni Ọ̀ṣunfúnmi wí. "Ì bá di pé kí ẹ̀gbọ́n ẹ tún gbogbo ẹ̀ ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀. Àwọn àṣẹ yìí ò mọ gílóòbù lójú. Orúkọ ni wọ́n ń pè. Ẹni tó bá ń jẹ́ orúkọ yẹn ni yóò dá wọn lóhùn."

Ó so gílóòbù tuntun mọ́ ètò náà. Lórí fóònù, ó kọ́kọ́ fún èyí tó fọ́ ní orúkọ mìíràn, kí méjì má bàa jẹ́ orúkọ kan. Lẹ́yìn náà ló gbé orúkọ àtijọ́, "Iná Màámi," fún tuntun. Kò kọ àṣẹ tuntun kankan.

"Ó yá, ẹ jẹ́ ká dán wọn wò. Ní ọ̀kọ̀ọ̀kan."

Títílọlá sáré tẹ aago ẹnu ọ̀nà. Gílóòbù ṣẹ́jú ní búlúù. Ó tẹ bọ́tìnì Ìyá Àgbà. Ó di yẹ́lò, Làtífátù sì fọwọ́ bo ẹnu. Mẹ́wàá nínú mọ́kànlá ló dáhùn. Ti gáàsì nìkan ló kọ̀, nítorí pé nọ́ńbà gílóòbù àtijọ́ ni Abdulwaheed lò níbẹ̀ dípò orúkọ. Ọ̀ṣunfúnmi ṣí i, ó tọ́ka rẹ̀ sí tuntun, òun náà sì pọ́n. Wákàtí kan kò tíì pé tí gbogbo rẹ̀ fi parí.

Ti Làtífátù kò parí bẹ́ẹ̀. Lójoojúmọ́, iná ń ṣẹ́jú, síbẹ̀ á dìde nídìí máṣíìnì lọ yọjú wo Ìyá Àgbà. Bí Títílọlá bá ní òun ti dán bọ́tìnì wò, á mi orí, á sì tún lọ dán an wò fúnra rẹ̀. Ó dun ọmọ náà, ṣùgbọ́n kò ráhùn. Òun ló ń wẹ Ìyá Àgbà láràárọ̀ kó tó lọ sí ilé ìwé, títí tí wọ́n fi tú ọwọ́ náà. Nígbà tí ìpè Abdulwaheed wọlé, Títílọlá ló kọ́kọ́ gbà á, ó sì sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún un láìfi ọ̀kan pa mọ́.

"Ó dùn mí," ni Abdulwaheed wí. "Ṣùgbọ́n ó tẹ́ mi lọ́rùn pé ẹnu rẹ ni mo ti gbọ́ ọ."

Bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ ń bá a. Ti Títílọlá kò ju ọjọ́ méjì lọ, ọwọ́ ìyá arúgbó sì ti kán. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ohun tó bá fọ́ lọ́wọ́ yín, ẹ tètè sọ ọ́ nígbà tí ó ṣì kéré. Ẹ má sì fi ìbẹ̀rù ba ìyókù jẹ́. A lè rí gílóòbù mìíràn rà lọ́jà, ṣùgbọ́n ìgbẹ́kẹ̀lé ẹni tó fọkàn tán wa kò sí lórí àtẹ. Ìwà wa lójoojúmọ́ la fi ń wá a padà.