Ewéko Méjìlá Tó Kọ̀ Láti Gbẹ

Ọjọ́ tí aránṣọ kan kọ́kọ́ rí ọkùnrin kan tó ń ṣèwádìí ohun ọ̀gbìn, ọ̀rá funfun ni ọkùnrin náà ń fi wé ewé igi kan, lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni ń dé fìlà fún ọmọ ìkókó. Ojú fèrèsé ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ni aránṣọ náà, obìnrin ni, ti ń wò ó. Ọgbà ìwádìí ohun ọ̀gbìn ló wà lódìkejì, ògiri kúkúrú kan ló sì wà láàárín wọn. Obìnrin yìí kì í rí nǹkan kó má sọ̀rọ̀. Ẹnu rẹ̀ yá ju ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ lọ.

"Ẹ kú iṣẹ́ o! Ṣé òtútù ń mú igi yẹn ni?"

"Rárá o, ó ń làágùn ni. Ẹ dúró kí oòrùn mú, ẹ ó rí i."

Aránṣọ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Àmọ́ nígbà tó di ọ̀sán, ó yọ́ jáde lọ wò ó. Omi ti kún ìdí ọ̀rá náà lóòótọ́, ó mọ́ gaara. Ọkùnrin náà ṣàlàyé fún un pé gbòǹgbò ló ń fa omi láti inú ilẹ̀, omi á gba inú igi gòkè, á sì gba àwọn ihò tíntìntín tó wà lábẹ́ ewé jáde lọ.

"Ẹnu wọn nìyẹn," ló wí. "Wọ́n máa ń ṣí i, wọ́n sì máa ń pa á dé."

"Bíi tèmi."

"Tiyín ò tíì pa dé látàárọ̀," ọkùnrin náà fèsì, kó tó mọ ohun tó ń sọ. Àwọn méjèèjì bú sẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà, obìnrin ń pe ọkùnrin ní Ọlọ́ràá, ọkùnrin ń pe obìnrin ní Abẹ́rẹ́, kò sì sí ọ̀sán tí wọn kì í jókòó pọ̀ sórí ògiri kúkúrú yẹn.

Ìyá Abẹ́rẹ́, tó máa ń bá a rán bọ́tìnnì mọ́ aṣọ, ni kò gbà kí wọ́n fẹ́ra wọn. Láti ojú fèrèsé, ó rí i tí Ọlọ́ràá to ewéko méjìlá sídìí ògiri nínú ìkòkò, tó bu omi fún wọn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tó fi ọ̀rá bo iyẹ̀pẹ̀ wọn, tó sì fi òwú so ó. Láràárọ̀ ló ń gbé wọn sórí òṣùwọ̀n. Ohun tó bá dín nínú ìwọ̀n wọn ni omi tí ewé ti tú dànù. Kò tún bu omi kankan sí i.

"Ọjọ́ mẹ́rin rèé!" ni ìyá pariwo. "Ó ń fi òùngbẹ jẹ ewéko níyà, ó tún ń wọ̀n wọ́n wò bóyá wọ́n ti rù! Irú ọkọ tí o fẹ́ fẹ́ nìyí? Bí ọ̀kan bá kú níbẹ̀, má mú un wọlé mi o."

 Ìfẹ́ Ọlọ́ràá ti wọ Abẹ́rẹ́ lára, kò sì fẹ́ pàdánù rẹ̀ nítorí ewé. Ni ó bá di pé nírọ̀lẹ́, bí Ọlọ́ràá bá ti lọ sílé, á gun ògiri, á tú òwú, á bu omi díẹ̀díẹ̀ sí ìkòkò kọ̀ọ̀kan, á sì tún un so. Ewéko ń tutù yọ̀yọ̀. Ìyá wò wọ́n, ó kùn, ó sì padà sídìí bọ́tìnnì rẹ̀.

Lọ́jọ́ kẹwàá, Ọlọ́ràá sáré wọ ṣọ́ọ̀bù pẹ̀lú ìwé tó ń kọ ìwọ̀n ewéko sí.

"Abẹ́rẹ́ mi! Ìwọ̀n wọn ò lọ sílẹ̀ mọ́! Àwọn kan tilẹ̀ wúwo sí i! Inú afẹ́fẹ́ ni wọ́n ti ń mu omi! Mo ti sọ fún ọ̀gá mi, àwọn àgbà iṣẹ́ wa ń bọ̀ lọ́la láti wá gbọ́ ọ lẹ́nu mi." Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Tó bá yọrí sí rere, n ó wá tọrọ ọ lọ́wọ́ Màmá."

 Tí Abẹ́rẹ́ bá dákẹ́, wọn á fi olólùfẹ́ rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́. Tó bá sọ̀rọ̀, olólùfẹ́ rẹ̀ lè má fẹ́ rí i sójú mọ́.

"Èmi ni afẹ́fẹ́ náà," ló wí níkẹyìn.

"Kí lo wí?"

"Èmi ni mò ń bu omi fún wọn nírọ̀lẹ́. Màmá ní bí ewé kan bá kú, mi ò gbọdọ̀ mú ọ wálé. Ìwọ ni mi ò fẹ́ pàdánù."

Ọlọ́ràá jókòó lé aṣọ oníbàárà kan, abẹ́rẹ́ tó wà lára aṣọ náà gún un ní ìdí, kò tilẹ̀ mọ̀. "Abájọ," ló wí. "Mo rí i pé kókó òwú yẹn ń dára sí i lójoojúmọ́. Mo rò pé ọwọ́ mi ló ń mọ iṣẹ́ sí i."

Ó dìde, ó sì lọ láìdágbére.

Ó sọ òótọ́ fún ọ̀gá rẹ̀. Ọ̀gá rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé e, ó ní kí àwọn àgbà iṣẹ́ má wulẹ̀ wá mọ́, kó tún un ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀, ọjọ́ méjìlá. Ní gbogbo ọjọ́ méjìlá náà, Ọlọ́ràá ò jókòó sórí ògiri. Abẹ́rẹ́ ò fọwọ́ kan omi. Ewéko ń sorí kọ́, òun náà ń sorí kọ́. Ó rán apá bùbá mọ́ ẹnu ṣòkòtò, oníṣòkòtò fẹ́rẹ̀ẹ́ bá a jà.

Lọ́jọ́ kejìlá, Ọlọ́ràá yọ sẹ́nu ọ̀nà. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá wo nǹkan kan."

Ewé ti rọ, àmọ́ kò sí ẹyọ kan tó kú. "Nígbà tí omi wọ́n, wọ́n pa ẹnu dé," ló wí, "wọ́n ń ṣọ́ ìwọ̀nba tó kù. Ó wà nínú ìwé mi." Ó gbé garawa omi fún ìyá. "Ẹ̀yin ni mo fẹ́ kí ẹ fún wọn mu."

Ìyá bu omi fún méjèèjìlá, ó ń bú Ọlọ́ràá nídìí ìkòkò kọ̀ọ̀kan. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, ewé ti nàró padà.

"Ọmọ tèmi ò mọ ẹnu í pa dé o," ni ìyá wí. "Ṣé o ti rò ó dáadáa?"

"Ẹnu yẹn ló yọ mí nínú ìtìjú, Màmá. Ó lè dákẹ́, kò dákẹ́." Ó yíjú sí Abẹ́rẹ́. "Mo bínú, mi ò ní purọ́. Àmọ́ ìbínú náà ò pé ọjọ́ mẹ́ta, ojú ló ń tì mí láti padà wá. Nínú gbogbo ohun tó gbẹ lọ́gbà yìí, èmi ni mo gbẹ jù. Ṣé wàá fẹ́ mi?"

Abẹ́rẹ́ la ẹnu, ọ̀rọ̀ ò jáde.

"Ẹ wá wò ó!" ni ìyá ké. "Ọjọ́ tó yẹ kó sọ̀rọ̀!"

"Bẹ́ẹ̀ ni," ni Abẹ́rẹ́ wí, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀. "Bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni."

Ọlọ́ràá já òwú kan lára ìkòkò, ó so ó mọ́ ìka Abẹ́rẹ́ bí òrùka. Kò pẹ́ tó fi tú. Abẹ́rẹ́ gba òwú náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì fúnra rẹ̀ ta kókó rẹ̀ dáadáa.