Búrẹ́dì Tí Àlájà Kùdírátù Ní Òun Ò Ní Jẹ Mọ́

"Ẹ gbọ́ o, gbogbo ọmọ Yorùbá tó wà ní Houston! Láti òní lọ, búrẹ́dì Ìdẹ̀ra ò gbọdọ̀ wọ ẹnu mi mọ́. Bí ẹ bá rí i lẹ́nu mi, ẹ fi ọwọ́ yọ ọ́!"

Ohùn Àlájà Kùdírátù, àgbà obìnrin tí gbogbo wọn máa ń fetí sí, ló ń dún bẹ́ẹ̀ nínú fóònù Fèyísọ́lá, lórí káńtà ṣọ́ọ̀bù ìyá rẹ̀. Kò tíì pa á tán tí ẹlòmíràn fi gbé ohùn tirẹ̀ náà sórí Wọ́sáàpù pé òun wà lẹ́yìn Àlájà. Òmíràn tẹ̀ lé e. Ṣe ni wọ́n ń kọ tẹ̀ lé ara wọn bí àkùkọ àdúgbò.

Ìyá Fèyísọ́lá, Ìyáàfin Akínṣọlá, ló ni ilé-iṣẹ́ búrẹ́dì Ìdẹ̀ra. Kì í ṣe búrẹ́dì inú agbọ̀n o. Ọkọ̀ ńlá ló ń gbé e lọ sí àwọn ṣọ́ọ̀bù aláwọ̀ dúdú ní Pearland, ó ń gbé e dé Cypress. Fèyísọ́lá tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ló máa ń jókòó ti káńtà lẹ́yìn ilé-ìwé àti ní Sátidé.

Àwòrán kan ṣoṣo ló dá gbogbo wàhálà yìí sílẹ̀. Ẹgbẹ́ àwọn Híspáníìkì kan, àwọn tó ń sọ èdè Sípáníìṣì, tó ń jà fún ẹ̀tọ́ àwọn èèyàn wọn ṣe ayẹyẹ. Wọ́n so aṣọ gbàgàdà kan kọ́, wọ́n kọ orúkọ àwọn ilé-iṣẹ́ tó ràn wọ́n lọ́wọ́ sí i, "Ìdẹ̀ra" sì wà níbẹ̀ gàdàgbà. Ẹnì kan yà á, ó gbé e sórí Wọ́sáàpù àwọn ọmọ Yorùbá. Ni ariwo bá ta!

"Owó wa ló kó fún àwọn Mẹ́síkò!" "Lásìkò tí ìmígíréṣọ̀n ń lé èèyàn kiri yìí? Ṣé ó fẹ́ kó wọn wá bá wa ni?" "Àwọn ọmọ tiwa ńkọ́?"

Àwọn ṣọ́ọ̀bù bẹ̀rẹ̀ sí í dá búrẹ́dì padà. Ọkọ̀ tó kún jáde láàárọ̀ á tún kún wọlé. Ìyá Fèyísọ́lá pa iná ààrò kan nínú méjì, ó sì sọ ọ́ wẹ́rẹ́ pé bó bá ń lọ báyìí, òun máa ti ilé-iṣẹ́ náà pa kí oṣù tó parí.

"Màmá, ẹ dá wọn lóhùn," ni Fèyísọ́lá wí.

"Kí ni kí n wí? Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ á bi mí."

"Wọn ò ní bi yín, mà!"

"Kí wọ́n máa pariwo lọ nígbà náà." Ó padà sídìí ìyẹ̀fun tó ń pò.

Bọ́rọ̀ ṣe rí nìyẹn ní Sátidé tí oníbàárà kan wọlé. Gíláàsì dúdú tó wọ̀ sójú fẹ̀ tó ọmọrí ìkòkò. Ó fi fìlà àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù lé orí gèlè, ó fi ìbòmú bo ẹnu, ó wá gbé jákẹ́ẹ̀tì ọmọ ọmọ rẹ̀ wọ̀, tí bọ́tìnnì rẹ̀ kọ̀ tí kò pàdé níwájú. Òórùn tùràrí ti wọ ṣọ́ọ̀bù kí òun fúnra rẹ̀ tó wọlé. Ó wá ń rìn bí ẹni tó ru ìkòkò omi, tó ń ti èèyàn sọ́tùn-ún sósì, bẹ́ẹ̀ kò sí ẹnì kankan lọ́nà.

"Hái, béébì," ni ó wí, ohùn rẹ̀ ń gba imú jáde bíi ti òyìnbó. "Tú búrẹ́ẹ̀di, pílíìsì."

Fèyísọ́lá na ọwọ́ sí méjì tó wà níwájú.

"Rárá, kì í ṣe ìyẹn! Èyí tí ìdí ẹ̀ jóná díẹ̀ lókè ọ̀hún ni kó o fún mi!" Ló bá rántí ara rẹ̀, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. "Tẹ́ńkì yúù, béébì."

Fèyísọ́lá fi eyín di ètè mú kó má baà bú sẹ́rìn-ín. Odidi Houston, ẹnì kan ṣoṣo ló ní ohùn yẹn.

Obìnrin náà jáde, ó wọ inú mọ́tò rẹ̀ tó wà níwájú ṣọ́ọ̀bù, ṣùgbọ́n kò wa mọ́tò lọ. Ó bọ́ ìbòmú, ó ya búrẹ́dì náà láàárín bí ẹni ya aṣọ, ó sì ń kì í bọ ẹnu. Fèyísọ́lá gbé fóònù sókè láti ojú fèrèsé, ó ya gbogbo rẹ̀ ní fídíò. Ó pe Súnkànmí, ọmọ kíláàsì rẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti Èkó.

"Àlájà wà níta níbí, ó ń jẹ búrẹ́dì wa nínú mọ́tò! Mo ti ká a sílẹ̀."

"Irọ́ ni! Fèyí, kí lo ṣì ń dúró dè? Gbé e síta jàre! Kí ilẹ̀ tó ṣú, gbogbo ayé á ti máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn!"

Ọ̀rọ̀ náà dùn létí Fèyísọ́lá. Ó ṣí Wọ́sáàpù, ó so fídíò mọ́ ọn, ó kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé, "Ẹ wá wo Àlájà yín." Ó ku kó tẹ̀ ẹ́.

Ó tún wo ìta lẹ́ẹ̀kan sí i. Àlájà ti di ojú, ó ń jẹ búrẹ́dì gbígbẹ lọ láìsí bọ́tà, láìsí omi, ó ń fi ọwọ́ gbá àyà pẹ́ẹ́pẹ́ẹ́ kí òkèlè lè lọ. Òfin kan sì wà nínú ṣọ́ọ̀bù yìí látìgbà tí Fèyísọ́lá ti ga tó káńtà: ẹni tó bá ń jẹ búrẹ́dì lójú wa, omi ni kí a kọ́kọ́ gbé fún un. Ìgbátí ìyá rẹ̀ ló fi kọ́ òfin yẹn. Omi ló yẹ kó wà lọ́wọ́ rẹ̀ báyìí, fóònù ló wà níbẹ̀. Ojú ara rẹ̀ tì í.

Ó tún rò ó wò pé, ta ló máa tún fẹsẹ̀ wọ ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ya oníbàárà ní fídíò láti lẹ́yìn fèrèsé? Bí ẹlòmíràn bá tilẹ̀ fẹ́ yọ́ padà wá, ẹ̀rù á bà á.

Ó pa fídíò náà rẹ́. Ó mú ike omi tútù kan àti bọ́tà, ó jáde, ó kan gíláàsì mọ́tò.

Àlájà fò sókè, ó ki búrẹ́dì bọ abẹ́ jákẹ́ẹ̀tì. Ẹ̀rúnrún kún àgbọ̀n rẹ̀.

"Ẹ kú ìjókòó, mà. Ẹ gba omi."

"Àì dónt nóó yúù!"

"Àlájà, búrẹ́dì wà lẹ́rẹ̀kẹ́ yín, mà."

Ni ẹ̀rín bá bú láti ìsàlẹ̀ ikùn Àlájà, tí mọ́tò fi ń mì. "Yéè! Ọmọ yìí ti mú mi o! Èmi tí mo ní kí wọ́n fi ọwọ́ yọ ọ́ lẹ́nu mi! Ó yá, wá yọ ọ́!" Ó la ẹnu sílẹ̀ gbàgà. "Ọmọ mi, tíì ò dùn lẹ́nu mi mọ́. Búrẹ́dì òyìnbó tí wọ́n ń rà fún mi nílé, bí òwú inú tìmùtìmù ló rí. Mi ò mọ̀ bóyá kí n jẹ ẹ́ ni, àbí kí n sùn lé e!"

Fèyísọ́lá rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ṣì wà lọ́fun rẹ̀. "Àlájà, mo ya yín ní fídíò. Ó ku díẹ̀ kí n gbé e síta. Mo ti pa á rẹ́. Ẹ má bínú, mà."

Ẹ̀rín dáwọ́ dúró. Àlájà yọ gíláàsì dúdú, ó wò ó. "Kí ló dé tó o pa á rẹ́? Ṣebí èmi ni mò ń ba ọjà ìyá ẹ jẹ́."

"Ẹ ń jẹ ẹ́ láìsí omi, mà."

Àlájà pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó gba omi, ó mu ún. "Ó dáa, dá mi lóhùn. Kí ló dé tí ìyá ẹ fi kó owó wa fún àwọn Mẹ́síkò?"

"Kì í ṣe Mẹ́síkò nìkan, mà. Òmíràn wá láti Honduras, wọ́n bí òmíràn síbí. Ọ́fíìsì wọn nìyẹn." Ó nàka sí ilẹ̀kùn aláwọ̀ ìyeyè tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù. "Ẹ rántí ìgbà tí ìjì jà tí kò síná? Ìyẹ̀fun tí a ti pò ń wú jáde nínú ọpọ́n, màmá mi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, wọ́n ń sunkún. Àwọn tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn yẹn ló gbé jẹnẹrétọ̀ wọn fún wa. A ò bẹ̀ wọ́n, mà. Òun la fi yan búrẹ́dì. Ẹ̀yin náà rà nínú ẹ̀, ẹ tò síbí pẹ̀lú abẹ̀bẹ̀ lọ́wọ́."

"Mo rántí! Mo tilẹ̀ bá ọkùnrin kan jà lórí ìlà!"

"Nígbà tí wọ́n wá fẹ́ ṣe tiwọn, màmá mi ní a ò lè jókòó ká máa wò wọ́n."

Àlájà bojú wo ilẹ̀kùn náà. "Kí ló dé tí ìyá ẹ ò sọ fún wa?"

"Ẹ ò bi wọ́n, mà. Ẹ kàn ń pariwo ni." Bí ó ti sọ ọ́ tán ló kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀ lórí kọnkéré, nítorí ọ̀rọ̀ náà tóbi ju ẹnu rẹ̀ lọ.

"Dìde, eékún ẹ á bó. Ẹnu ẹ mú o, ṣùgbọ́n òótọ́ lo sọ." Àlájà nu àgbọ̀n, ó gbé fóònù tirẹ̀ sẹ́nu. "Ẹ gbọ́ o, èmi Kùdírátù ni. Mo wà níwájú Ìdẹ̀ra, búrẹ́dì sì wà lẹ́nu mi. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ wá yọ ọ́, ẹ ti pẹ́, mo ti gbé e mì! Mo pariwo kí n tó bèèrè. Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ohun tí mo gbọ́ fún yín..."

Kì í ṣe gbogbo wọn ló padà o. Ṣọ́ọ̀bù kan ní Cypress ò gba búrẹ́dì Ìdẹ̀ra mọ́ títí dòní. Àwọn kan ní búrẹ́dì ọ̀fẹ́ ni wọ́n fi di Àlájà lẹ́nu. Súnkànmí náà kùn, ó ní Fèyí ba eré tó dùn jẹ́. Àmọ́ ààrò kejì ti gbiná padà. Gbogbo Sátidé ni Àlájà ń wá báyìí láìwọ gíláàsì dúdú. Á jókòó síwájú ṣọ́ọ̀bù, á máa kọ́ àwọn obìnrin ọ́fíìsì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ní "ẹ káàárọ̀," á sì máa bá ìyá Fèyísọ́lá jà pé ìgbà wo ló máa ran ẹgbẹ́ àwọn ọmọ Yorùbá náà lọ́wọ́.

Lẹ́nu Àlájà ni ìyá Fèyísọ́lá ti gbọ́ nípa fídíò. Ó bu búrẹ́dì gbígbóná, èyí tí ìdí rẹ̀ jóná díẹ̀, ó gbé e fún ọmọ rẹ̀. Ó gbé omi tì í.

Ẹ̀yin ọmọ tí fóònù kì í kúrò lọ́wọ́ yín, ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ mú lọ nìyí: ẹ má fi ìtìjú ẹlòmíràn gbèjà ara yín, bó ti wù kó rọrùn tó. Ẹ sọ òótọ́ fún un lójú kojú, pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Ẹ̀yin àgbà tí ẹ ń yọ́ kà á lẹ́yìn wọn, ẹ kọ́kọ́ bèèrè kẹ́ ẹ tó pariwo. Ìbòmú kì í bo ẹ̀rúnrún.